Ọkọ̀ Tó Ń Sinmi ní Ìkèrè

Ọkọ̀ márùn-ún ni mo bá létí omi Ìkèrè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, láàárọ̀ ọ̀yẹ́ kan. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mẹ́ta fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bí ewúrẹ́ tó sùn sídìí ògiri. Ìkẹrin gbé orí lé iyanrìn, ìdí rẹ̀ wà nínú omi. Ìkarùn-ún ni ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Ó léfòó lókèèrè díẹ̀, okùn kan ṣoṣo ló so ó mọ́ kùkùté. Okùn náà kò nà tàntàn bí òwú tí ahunṣọ Ìsẹ́yìn fi òkúta fà níwájú òfì. Ó dẹ̀, àárín rẹ̀ sì rì sómi, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fa ọkọ̀ náà síbì kankan.

Pákó ni wọ́n fi kàn án. Ọ̀dà dúdú wà lójú gbogbo oríkèé pákó, ó ti sán níbòmíràn. Àjẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n tí wọ́n ká jọ. Sílípáàsì ògbólógbòó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe ohun tí ń gbé etí àwọ̀n náà léfòó. Ìpẹ́ ẹja ẹpìà gbẹ mọ́ etí ọkọ̀, ó ń dán yínrínyínrín. Omi fúnra rẹ̀ kò dúdú, kò funfun: àwọ̀ sányán ni.

Odò Ògùn ni omi yìí, odò Yemọja, tó ṣẹ̀ láti àwọn òkè ìhà Ṣakí. Nígbà ìjọba Alájì Shehu Shagari ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí i níbí, kí ó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 690 mítà kúbíìkì. Omi gun ilẹ̀, igi ọ̀dàn kú lórí ìdúró. Ẹ̀ka wọn tó gbẹ ṣì yọrí síta, lékeléke sì bà lé wọn.

Ọkọ̀ yìí ló mú mi rántí Konstantinos Volanakis, ayàwòrán ilẹ̀ Gíríìsì tí wọ́n bí ní Kírétè ní 1837, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Munich, tó sì kú ní Piraeus, ìlú èbúté, ní 1907. Ó ya ogun ojú òkun, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ibi tí ọkọ̀ kò ti ṣe nǹkan kan: ìgbòkun rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, òjìji òpó ọkọ̀ sì gùn wá bá ẹni tó ń wòran. Ìsàlẹ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí òjìji bá ṣe ń gbọ̀n sí ni mo fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó.

Ní Ìkèrè, òjìji kò gbọ̀n rárá. Ọkọ̀ kejì dojú dé lábẹ́ èyí tí mo ń wò, àjẹ́kù ọ̀dà rẹ̀ pé pérépéré. Àwa ará Òkè-Ògùn kò ní òkun. Ilẹ̀ ẹmi àti igi igbá ni tiwa, ilẹ̀ tábà àti àgbàdo. Síbẹ̀ ó wù mí, ó wù mí gidigidi, kí ọmọ wa kan gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá síbí kí oòrùn tó là.

Ọmọdékùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀nà abúlé, ó wọ́dò dé orúnkún, ó fa okùn. Ọkọ̀ náà yí orí padà díẹ̀díẹ̀. Ó mú igbá, ó ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ọkọ̀ ìsàlẹ̀ sì fọ́ yángá.