Ìwé Àlòkù Lábẹ́ Ibùsùn

Màmá mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ra aṣọ ọmọ títí oyún yóò fi pé oṣù méje. Èmi náà kò jiyàn. Ní ọdún tó kọjá, oyún kan bàjẹ́ mọ́ mi lára. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ tí mo ti rà sílẹ̀ ṣì wà nínú àpò. N kò lè wò wọ́n, n kò sì lè fi wọ́n ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka ìwé mọ́ ẹrù ọmọ. Ní Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn, mo lóṣòó níwájú bàbá kan tó ń ta ìwé àlòkù, mo sì fa Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ yọ láàárín wọn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, epo ti ta sí i. Ọmọ kan ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nígbà mẹ́rin. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ẹ̀kọ́ inú ìwé náà ló yẹ kí n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni mo ń wò. Wọ́n bí ọmọ yìí, ó sì dàgbà débi tí ó lè ba ìwé jẹ́. Aṣọ tuntun kò lè bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìyàwó, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ,” ni bàbá náà wí. Kò kúkú dín kọ́bọ̀ fún mi.

Ìwé ti di mẹ́fà lábẹ́ ibùsùn. Ní Sátidé, Màmá bá wọn níbẹ̀. Mo ti ń wá àwáwí, ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn náà fi mọ̀wé kà ni wọ́n mú dání. Wọ́n jókòó, wọ́n ń kà á sókè, ọbẹ̀ ń jóná.