Àwọn Adágún Orí Òkè Sierra Nevada

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Àwa tí a ti gun Òkè Ìdànrè, tí a ti ka àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní 600, a ti rò pé a mọ ohun tí à ń pè ní òkè. Ní oṣù kẹjọ ọdún tí ó kọjá, nígbà ooru àwọn òyìnbó, a rí òkè mìíràn ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a sì fi ẹsẹ̀ ara wa gùn ún. A ti ṣe ìlérí fún àwọn ará ilé pé a ó kọ ohun tí ojú wa rí sínú ìwé ìròyìn yìí, ìlérí náà ni a sì ń san lónìí.

Àwa mẹ́ta ni a jùmọ̀ lọ: àwa tí à ń kọ̀wé yìí, àbúrò wa kan tí ó ti ń gbé ní Los Angeles láti ọdún pípẹ́, àti arúgbó ọmọ ilẹ̀ náà kan, aládùúgbò àbúrò wa, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 70. Olùkọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, láti kékeré ni ó sì ti ń pẹja ní àwọn adágún orí òkè Sierra Nevada. Òun ni ó pè wá. Àbúrò wa ń pè é ní “Bàbá”, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní yàtọ̀ sí àwọn ọmọ òun, kò sí ẹni tí ó pe òun ní bàbá rí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

A fi mọ́tò rin nǹkan bíi 200 máìlì láti Los Angeles lọ sí ìhà àríwá. Aṣálẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà náà. Kí a tó dé ìlú kékeré tí à ń pè ní Lone Pine, Bàbá nawọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ funfun kan ní ọwọ́ ọ̀tún wa, ó ní Adágún Owens ni ó wà níbẹ̀ rí. Ní ọdún 1913 ni a parí ọ̀nà omi tí ó gbé omi odò ibẹ̀ lọ sí Los Angeles. Láàárín ọdún díẹ̀ adágún náà gbẹ, eruku rẹ̀ sì di ìyọnu fún gbogbo àdúgbò. Bàbá kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì kọjá.

Ní Lone Pine, bí ènìyàn bá gbé ojú sókè, yóò rí òkè bí ògiri. Orí Òkè Whitney tí ó wà níbẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14,505. Bí a bá yọ Alaska sílẹ̀, kò sí èyí tí ó ga tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan tí ó ń lọ́ bí ejò gbé wa gun ẹ̀gbẹ́ òkè náà títí a fi dé pápá kan tí ó ga tó nǹkan bíi 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Níbẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò pin sí.

Ẹnikẹ́ni kò lè lọ sùn ní igbó náà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ Igbó Ìjọba Inyo, ẹni tí ó bá sì ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí a óò lò fún ọjọ́ márùn-ún ni a kó sínú àpò ńlá: àgọ́, àpò ìsùn, ẹ̀wù òtútù, sítóòfù kékeré, ọ̀pá ìpẹja tí ó ṣeé tú sí mẹ́rin, àti oúnjẹ nínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé ẹrù náà kọ́, bí ìyá ti í pọn ọmọ, kì í ṣe orí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ru iṣu láti oko dé ọjà ì bá rẹ́rìn-ín sí wa, nítorí kí a tó rìn ìdajì máìlì ni a ti ń bèèrè ibi tí a ó ti sinmi.

A ti sùn mọ́jú ní ibi tí ọ̀nà pin sí, kí ara lè mọ́ra, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibi gíga fúyẹ́, kì í tó èémí. Síbẹ̀, nígbà tí a rìn dé àárín igi páìnì tí èèpo wọn pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, àbúrò wa jókòó lórí òkúta. “Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “orí ń fọ́ mi, èébì sì ń gbé mi.” Kí a má purọ́, inú wa kò dùn. A ti wá láti ọ̀nà jíjìn, adágún sì kù díẹ̀. A fẹ́ sọ fún un pé kí ó ṣe ọkàn gírí. Ṣùgbọ́n Bàbá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Àìsàn òkè ni. Òkè a máa pa ẹni tí ó bá fi agídí gùn ún. A ó pàgọ́ síhìn-ín. Bí kò bá sàn kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó sọ̀ kalẹ̀. Adágún kì í sá lọ.” Ojú tì wá. A fún àbúrò wa ní omi mu, ó sinmi. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, orí fífọ́ náà dẹ̀ ẹ́, ní òwúrọ̀ ó sì béèrè oúnjẹ. Nígbà náà ni a tó tún gbéra.

Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run ni a yọ sí àwọn Adágún Cottonwood, ní nǹkan bíi 11,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àpáta eérú yí wọn ká bí ògiri ààfin, yìnyín ṣì wà nínú pàlàpálá rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ, Òkè Langley sì ga sókè lẹ́yìn wọn. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fọn kò ṣàìsí níbẹ̀ o. Wọ́n kí wa káàbọ̀ ju bí a ti fẹ́ lọ.

Ìpẹja tí Bàbá ń ṣe kò dà bí èyí tí a mọ̀ nílé. Kò sí àwọ̀n, kò sí ìgèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ekòló. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ni a fi wé ara ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ ẹ̀fọn tàbí kòkòrò mìíràn tí í bà lé ojú omi. Nítorí pé ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, kò ṣeé jù. Okùn ni a ṣe kí ó wúwo, okùn ni ọ̀pá ń jù, ìwọ̀ a sì tẹ̀lé e. A óò gbé ọ̀pá sẹ́yìn, a óò dúró kí okùn nà tán lẹ́yìn wa, kí a tó dá a padà síwájú. Nínú ìdúró yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Àwa kò dúró. Ìwọ̀ kọ́kọ́ kọ́ fìlà wa, lẹ́yìn náà ó kọ́ igi, nígbà kẹta ó kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù àbúrò wa. “Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe ẹja o!” ni ó kígbe.

Ní ìrọ̀lẹ́ afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kan ojú omi. Bàbá ní kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ẹja a máa sá fún òjìji ènìyàn. A jù, a dúró, a tún jù. Lójijì okùn fà. Nígbà tí a fà á dé etí omi, a kò lè sọ̀rọ̀. Ẹja náà kò gùn ju ọwọ́ wa lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn bí wúrà, ilà pupa kan gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ìrù, ikùn rẹ̀ pọ́n bí osùn, àmì dúdú bíi mẹ́wàá sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ti ìka bọ aró, ó sì fi tẹ̀ ẹ́. Tráòtì oníwúrà ni orúkọ rẹ̀. California fi ṣe ẹja àmì ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1947. Bàbá ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò ṣòro láti yọ. A fi omi tutù tọ́ ọwọ́ wa, a dì í mú díẹ̀, a sì dá a padà sínú omi.

Bàbá wá sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ẹja yìí kì í ṣe ọmọ adágún náà rárá. Ní ìgbà láéláé, yìnyín ńláńlá ni ó gbẹ́ ihò àwọn adágún wọ̀nyí sínú àpáta. Nígbà tí ó yọ́, omi tí ń já láti orí àpáta gíga kò jẹ́ kí ẹja gòkè dé ibẹ̀. Inú àwọn odò kan ní agbègbè odò Kern nìkan ni tráòtì oníwúrà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1876 ni àwọn ọkùnrin kan mú díẹ̀ nínú ìkòkò tí a fi ń se kọfí, tí wọ́n gbé e láti odò Mulkey lọ sí odò Cottonwood. Ní 1891 a sì kó nínú ọmọ wọn wá sínú adágún. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé e kiri orí òkè, òun àti oríṣi tráòtì mìíràn.

Ààrá ti sán, òjò sì ti rọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ní òru, a jókòó síwájú àgọ́, ìràwọ̀ pọ̀ lókè bí iyanrìn, ṣùgbọ́n etí wa ń wá ohùn kan tí kò rí. Nílé wa, níbi tí omi bá wà tí òjò sì rọ̀, kọ̀ǹkọ̀ kò ní jẹ́ kí ènìyàn sùn. A wí pé, “Bàbá, ṣé kò sí àkèré ní ilẹ̀ yín ni?”

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Wọ́n kún orí òkè wọ̀nyí rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ wà lẹ́bàá wa yìí, ẹ lè má gbọ́ ohùn wọn. Abẹ́ omi ni wọ́n ti ń ké. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kú lọ, kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé ilé ti dákẹ́.”

Ó ṣàlàyé pé àkèré ẹlẹ́sẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ni. Ọmọ rẹ̀ a máa lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, nínú omi kí ìrù rẹ̀ tó ká kúrò tí yóò sì di àkèré. Adágún tí kò jìn a máa dì dé ìsàlẹ̀ nígbà òtútù, tàbí kí ó gbẹ nígbà ooru. Èyí tí ó jìn nìkan ni ó lè tọ́ ọmọ náà dàgbà, irú adágún bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sì kó ẹja sí. Ẹja jẹ àwọn ọmọ náà tán. Àwọn onímọ̀ tí ó kọ̀wé ní ọdún 1924 nípa agbègbè Yosemite rí àkèré yìí ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó ti pòórá ní ibi tí ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe ẹja nìkan ni ó pa wọ́n. Àrùn awọ ara kan tún wá dà bo àwọn tí ó kù. Ní ọdún 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ wọn mọ́ ti àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parun.

“Bàbá mi wà lára àwọn tí ó gbé ẹja gòkè,” ni arúgbó náà wí. “Ìbaaka ni ó ń dà, agolo omi tí ó kún fún ọmọ ẹja ni ó sì ń dì lé wọn lẹ́yìn. Kì í fẹ́ dúró pẹ́ lọ́nà, nítorí bí omi náà kò bá mì, ọmọ ẹja a kú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú ni ó gba iṣẹ́ náà. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó rí omi tí kò ní ẹja, ó rò pé omi òfo ni. Omi náà kò ṣófo.”

Ó tún sọ fún wa pé adágún kan wà ní Ọgbà Ìjọba ní ìhà kejì òkè, níbi tí bàbá òun ti kọ́ òun ní ìpẹja, tí òun náà sì ti kọ́ àwọn ọmọ òun. Láti ọdún 2001 ni àwọn òṣìṣẹ́ Ọgbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọ̀n sí àwọn adágún kan, láti kó gbogbo ẹja inú wọn kúrò. Nígbà tí ó kan adágún tirẹ̀, ó bínú. Ó kọ̀wé sí wọn, ó sì fi ọdún púpọ̀ kọ̀ láti dé ibẹ̀. Nígbà tí ó padà lọ, àkèré ń fò láti etí omi ní gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀. “Mo jókòó,” ni ó wí, “mo sì sunkún. Ẹ má bi mí bóyá nítorí ẹja ni, tàbí nítorí àkèré. Èmi náà kò mọ̀.” Ó ṣì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kì í mú ọ̀pá dání.

Ẹ̀yin ará, àwọn bàbá wa ní oore ni igún ṣe tí ó fi pá lórí. A ti máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí oore rẹ̀ padà di ibi fún òun fúnra rẹ̀. Lórí òkè yẹn a rí i pé oore ẹnì kan lè pá ẹlòmíràn tí kò lè ké lórí. Kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn apẹja ọ̀sà wa mọ ewéko olódòdó tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí ó rẹwà lójú, tí ó sì ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ wọn láti àárín àwọn ọdún 1980.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pẹja. Ọ̀pọ̀ adágún orí òkè náà ni ẹja ṣì wà nínú wọn, títí kan àwọn Adágún Cottonwood, bí a bá sì tún pè wá lọ́la, a ó lọ. Kódà tráòtì oníwúrà náà wà nínú ewu ní odò tí a ti bí i, nítorí oríṣi ẹja mìíràn tí ènìyàn kó wá bá a, tí ó ń jẹ ẹ́ tàbí tí ó ń bá a dàpọ̀. Ohun tí a mú bọ̀ ni èyí: kí ènìyàn tó pe ibì kan ní òfo, kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó sì béèrè ẹni tí ń gbé ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a sọ̀ kalẹ̀, a fún Bàbá ní ọ̀pá rẹ̀ padà. Ó ní kí a di ìwọ̀ kan mú lọ ilé fún ìrántí. Ó wà lórí tábìlì wa bí a ti ń kọ ìwé yìí: ìyẹ́ díẹ̀ àti òwú, tí ó jọ ẹ̀fọn, tí a ti tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dìgbà kan ná.