Ẹni Tó Dúró Létí Pápá

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, kọ́tábáàkì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ máa ń ní lórí pápá. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù síwájú tàbí kó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n máa ń pààrọ̀ àwọn tó ń sáré àtàwọn tó ń hán bọ́ọ̀lù léraléra, àmọ́ ti kọ́tábáàkì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ara kọ́tábáàkì àkọ́kọ́ bá le, ẹnì kejì, ìyẹn igbákejì rẹ̀, lè dúró létí pápá títí sáà yóò fi parí. Lójú tèmi, iṣẹ́ gidi ni ìdúró yẹn.

Ẹ wo ohun tí igbákejì yìí ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà ìgbaradì, ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fún ní àyè jù láti fi ètò ìdíje dánra wò. Ẹnì kejì á wá máa ṣe bíi kọ́tábáàkì ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá pàdé, kí àwọn adènà ilé lè mọ bí wọn yóò ṣe dá a dúró. Ó ń fara wé ọ̀tá, síbẹ̀ ètò ilé gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ bí omi. Tó bá di ọjọ́ ìdíje, á dé fìlà, á máa yẹ àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá wò, á sì máa sọ ohun tó rí fún ẹni tó wà nípò tó wu òun náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ ta ló ń sọ ogun tirẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ní 2016, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Rams tú kọ́tábáàkì Nick Foles sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó pa bọ́ọ̀lù tì. Nígbà tó di 2017, ó padà sí Philadelphia Eagles láti ṣe igbákejì Carson Wentz. Ní December 10, iṣan orúnkún Wentz já. Nígbà tó fi máa di February 4, 2018, Foles ló ń darí Eagles nínú Super Bowl, ìdíje àṣekágbá, níbi tí wọ́n ti pàdé ẹgbẹ́ Patriots. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, yáàdì kan ló kù kí wọ́n dé ìlà tí wọ́n ti ń gba àmì, ìgbìyànjú kẹrin ni, kò tún sí òmíràn. Foles rọra rìn lọ bí ẹni fẹ́ bá àwọn tó wà níwájú sọ̀rọ̀. Wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn, òun sì yọ́ bọ́ sí igun pápá. Trey Burton jù ú sí i, ó hán an. Eagles na Patriots 41 sí 33, Foles sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù.

Frank Reich ló ń bójú tó ètò ìkọlù Eagles nígbà náà. Igbákejì kọ́tábáàkì Jim Kelly lòun náà nínú ẹgbẹ́ Buffalo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní January 3, 1993, Kelly ti farapa, Reich ló bọ́ sójú pápá. Ẹgbẹ́ Houston ti fi 35 sí 3 ṣáájú kí Reich tó ta àwọn èèyàn rẹ̀ jí, wọ́n sì borí, 41 sí 38. Nítorí náà, nígbà tí Wentz ṣubú, ẹnì kan wà nínú ilé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

Iyì tí igbákejì ń rí báyìí kì í sábà pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2019, Foles di ẹni àkọ́kọ́ ní Jacksonville. Eegun ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ kán nínú ìdíje àkọ́kọ́, igbákejì gba ipò. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú: ní 1972, Earl Morrall, ẹni ọdún 38, gba ipò Bob Griese ní Miami nígbà tí ẹsẹ̀ Griese kán. Miami ò pàdánù ìdíje kankan ní sáà náà. Síbẹ̀ Griese ló bẹ̀rẹ̀ Super Bowl, Morrall padà sétí pápá. Títí dòní, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó gba Super Bowl láìpàdánù rárá. Ẹni tó bá ń ròyìn àṣeyọrí náà tí kò dárúkọ Morrall, kò tíì ròyìn rẹ̀ dé ìdajì.