Ìsinmi Wa ní Bẹ̀nẹ̀

Ọlidé ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ń lọ káàkiri báyìí kò ju Lọ́ńdọ̀n, Dubai àti Faransé lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Nígbà tí àwa náà jókòó ṣírò, a rí i pé físà Yúróòpù nìkan, yúrò 90 ni fún àgbàlagbà kan, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá ní rárá. La bá bi ara wa pé, ibo la lè lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní í béèrè èélòó ló wà ní báǹkì wa? Bẹ̀nẹ̀ ló bọ́ sí wa lọ́kàn. Ọmọ ECOWAS ni wá, a lè wọlé láìgba físà, ká lo 90 ọjọ́. Páálí ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì la mú dání.

A wọ bàálù dé Èkó, a gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀. Ibi àyẹ̀wò pọ̀ lọ́nà o, ẹ fi sùúrù sápò. Àmọ́ tí ẹ bá ti kọjá ààlà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kútọnu nìyẹn.

Ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú wọn tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, a rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà wálé kọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Ganvié, níbi tí ilé àti ọjà ti wà lórí omi. Ní Ouidah, a dúró létí òkun níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Àwọn ọmọ ò pariwo níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kétu gan-an ni ká sọ. Ìlú Alákétu ni, ìlú àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́. Dàhòmì jó o run ní 1886, wọ́n sì padà wá tún un kọ́. Ẹnubodè àtijọ́ wọn, Àkàbà Ìdèna, ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ mọ àwọn ọmọ wa ní Abuja: ẹ sọ Yorùbá sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dáhùn. Àwọn ọmọ Kétu ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, Faransé ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ wọn. Nígbà tí ọmọ wa kejì fẹ́ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ọ̀nà míì: Yorùbá ló sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un ní bọ́ọ̀lù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń fi Yorùbá jiyàn gọ́ọ̀lù. Àwa òbí ń wo ara wa.

Ìyá àgbà kan bi wá pé, "Ṣé èdè wa ni wọ́n ń sọ ní Abuja náà?" Ọmọ yẹn ló yára dáhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àwọn tó bá fẹ́ lọ, ẹ ṣẹ́ owó yín sí sẹ́fà, ẹ kọ́ Faransé díẹ̀. 1 Oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ òmìnira wọn, ọlidé àwọn ọmọ wa náà sì ni. A tún ń lọ lọ́dún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi ọwọ́ sókè.