Ọmọ tó ń ṣubú kì í ṣe ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 7. Ó gbọ́n, ó sì mọ àlọ́ pa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sáré, á ṣubú. Bí ó bá gbé omi, á dà á nù. Bí ó bá jókòó láti kọ̀wé, kò ní pẹ́ tí yóò fi orí lé tábìlì. Ní agbolé wa ní Kétu, àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Nọ́ọ̀sì kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èpè. Nínú 100 ọmọ tó ti tó ilé ìwé lọ, bíi 5 tàbí 6 ló máa ń rí báyìí. Ara wọn ń pẹ́ kí ó tó mọ nǹkan ṣe.

Ikùn àti ẹ̀yìn dà bí òpó ilé. Bí òpó bá ń mì, òrùlé kò lè dúró. Nítorí náà, ní alaalẹ́, a máa ń tẹ́ ẹní, a sì máa ń ṣe eré mẹ́ta:

1. Ọmọ á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á ká orúnkún, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Á gbé ìdí sókè, a ó ka 1 dé 5, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

2. Á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Á na apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn náà, á pààrọ̀ wọn.

3. Á fi ọwọ́ rìn nílẹ̀, èmi á di itan rẹ̀ mú.

Kí ọmọ má ṣe sé èémí. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó sinmi. Ìṣẹ́jú 10 tó. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a ṣe é, ẹ̀rín ló sì ń pa wá.

Ṣùgbọ́n eré orí ẹní nìkan kò tó. Ohun tí ọmọ fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni kí ó máa ṣe. Igbá kékeré tí omi rẹ̀ kò kún ni ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, a bù kún un. Ó ṣì ń ṣubú nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń gbé omi dé ilé ìdáná. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí ọmọ tó ti ń rìn dáadáa bá ṣàdédé ń ṣubú, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹgba kì í mú ẹ̀yìn ọmọ le. Ẹ tẹ́ ẹní fún un, kí ẹ sì bá a ṣeré.