Dígí Tó Mọ Ìgbà Tí Èèyàn Dé

Ó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa n'Íbàdàn, láàárín ilẹ̀kùn yàrá àti pálọ̀, dígí onígun mẹ́rin tí káfíńtà fi igi ìrókò ṣe férémù fún. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ tó ń wò ó láti òkèèrè kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju àwòrán ògiri tó kọjú sí i lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dìde tó ń bọ̀ níbẹ̀, kó tó dé iwájú rẹ̀, àwọn lẹ́tà funfun á ti yọ: aago àti ọjọ́ lókè lápá òsì, bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lápá ọ̀tún, ètò ọjọ́ náà lábẹ́ aago, àti ìlà ìròyìn kan nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí nǹkan kan ní àárín. Ibẹ̀ ni ojú ẹni ń gbé.

Ohun tó máa ń wú mi lórí jù ni pé a kì í lè rí ojú wa àti lẹ́tà wọ̀nyẹn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn dígí gan-an ni lẹ́tà wà, kò jìnnà rárá. Ti ojú ẹni kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá dúró ní mítà kan sí dígí, àwòrán wa náà á dà bí ẹni tó dúró ní mítà kan lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń ka aago, ojú mi á di bàìbàì. Bí mo bá padà sí ojú mi tàbí fìlà mi, aago náà á fà sẹ́yìn, kò ní dí mi lọ́wọ́. Kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu.

Àbúrò mi ló ṣe é. Dígí tó lò yàtọ̀ sí èyí tí a ń rà fún ilé ìwẹ̀, nítorí irin tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó ń dá púpọ̀ padà nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á, ó sì ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá. Mónítọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ti bọ́ ike ara rẹ̀ kúrò ló gbé dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdí. Dúdú ni gbogbo ohun tí mónítọ̀ náà ń gbé jáde, àfi lẹ́tà. Ibi tó bá dúdú kò rán ìmọ́lẹ̀ wá, dígí ló máa jẹ́ níbẹ̀. Ibi tó bá funfun á là á kọjá.

Ará Netherlands kan, Michael Teeuw, ló sọ irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Ó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2014, ó kọ bó ṣe ṣe é síta, nígbà tó sì di ọdún 2016 ó gbé MagicMirror² jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Orí Raspberry Pi ni wọ́n sábà máa ń lò ó, kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn ará Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tà ní ọdún 2012, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ti àbúrò mi náà ń gbé ẹ̀yìn férémù yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ parí nígbà tí lẹ́tà ti yọ kò tíì gbé e kọ́ sára ògiri ilé tí èèyàn ń gbé. Dúdú mónítọ̀ kì í ṣe òkùnkùn. Iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jò síta díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án a kò lè mọ̀; lálẹ́, nígbà tí a bá pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á yọ àwọ̀ eérú, dígí á sì di tẹlifísàn tí kò rí nǹkan fi hàn. Kí ó tó lè jẹ́ dígí lóòótọ́, àfi kí mónítọ̀ náà kú pátápátá nígbà tí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀, kí ó sì jí kí ẹni tó nílò rẹ̀ tó dúró. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Ohun tó ń jí i ni sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní HC-SR501. Wá a nísàlẹ̀ férémù, wàá rí i: ike funfun roboto kan tó yọ síta, bí ìdajì ẹyin. Ike yẹn pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ọ̀nà wẹ́wẹ́, ó sì ń darí ooru ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sórí ohun kékeré kan tó pín sí méjì nínú rẹ̀. Ara èèyàn ń tan ìtànṣán ooru tí ojú kò lè rí. Bí èèyàn bá ń rìn, ooru rẹ̀ á kúrò lórí apá kan bọ́ sórí èkejì, ìyàtọ̀ yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ń mọ̀, á sì fi iná kékeré, vólítì 3.3, ránṣẹ́ sí Raspberry Pi lórí wáyà kan. Ó lè rí èèyàn láti nǹkan bíi mítà méje. Ẹni tó bá dúró gbagidi, kò rí i.

Kò ṣeé fi pamọ́ sẹ́yìn dígí, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú dígí kọjá, ooru ara kò lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà fi lu ihò sí ìrókò náà.

Sẹ́ńsọ̀ yìí sì mọ ìlú tó wà. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí ara wa gbóná ju ògiri lọ dáadáa, láti ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ ló ti ń rí wa. Ní ọ̀sán oṣù Kẹta, tí ooru yàrá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti awọ ara dọ́gba, ó lè di ìgbà tí a bá dé iwájú rẹ̀ kó tó mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ì bá ríran jù ú lọ, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á mọ ojú wa, á mọ ẹni tó so aṣọ ìnura mọ́ra láti ilé ìwẹ̀. Èyí kò mọ̀ ju pé ẹlẹ́ran ara kan ń kọjá lọ, kò sì yẹ kí dígí inú ilé mọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Script kan, ètò kọ̀ǹpútà kékeré, ló ń gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá wí. Bí iná bá dé lórí wáyà, á jí mónítọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú; bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò mira, á pa á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni cron wà, olùtọ́jú àkókò tó ti wà nínú Unix láti àwọn ọdún 1970. Ìlà kan péré ni àṣẹ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí a fẹ́ kó ṣe. «30 5 * * 1-5» ni aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ìgbà yẹn ni dígí wa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó parí, nítorí ẹni tó ń fi ojú oorun lọ tọ̀ ní òru kò nílò ìmọ́lẹ̀ funfun lójú.

Méjèèjì ì bá máa jà. Cron á pa mónítọ̀ ní aago mọ́kànlá, ológbò á kọjá, sẹ́ńsọ̀ á tún tàn án. Ọba kì í pé méjì láàfin. Nítorí náà cron kì í fọwọ́ kan mónítọ̀ rárá. Fáìlì kékeré kan ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, yálà ojúmọ́ tàbí òru. Script sẹ́ńsọ̀ á ka fáìlì yẹn kó tó gbọ́ràn sí wáyà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí iná. Mo ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọn kò rò tó bẹ́ẹ̀.

Ti iná NẸ́PÀ tún wà níbẹ̀. Raspberry Pi 4 kò ní aago tó ń rìn nígbà tí iná bá lọ. Bí iná bá lọ láago mẹ́sàn-án alẹ́ tó sì dé láago mẹ́rin ìdájí, á jí, á sì gbà pé aago mẹ́sàn-án ló ṣì lù, títí íńtánẹ́ẹ̀tì á fi dé tó máa sọ òótọ́ fún un. Láàárín ìgbà yẹn gbogbo ètò cron ti dàrú: lójú tirẹ̀, òru kò tíì dé. Nítorí náà ni àbúrò mi ṣe so DS3231 mọ́ ọn, aago kékeré tó ní bátìrì tirẹ̀, tó ń ka ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Bó bá jẹ́ orí ìnfátà la wà, pípa mónítọ̀ tún ní èrè mìíràn, torí òun ló ń jẹ iná jù nínú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn férémù náà.

Ọjọ́ Àìkú ni àṣẹ cron yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yòókù. Láti aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, fáìlì yẹn á ní ọ̀rọ̀ mìíràn, pé kí mónítọ̀ má kú rárá, nítorí ẹni tó ti wé gèlè tán tó ń dúró wo bó ṣe jókòó kì í mira, sẹ́ńsọ̀ á sì gbà pé ó ti lọ. Sẹ́ńsọ̀ rédà tó ń mọ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, àní tó ń mọ̀ ọ́n nípa mímí rẹ̀, ti wà lọ́jà báyìí. Àbúrò mi ti rà á. Ṣùgbọ́n rédà ń gba inú ilẹ̀kùn pákó kọjá, á sì máa jí dígí sílẹ̀ fún ẹni tó sùn sí yàrá. Ó ń wá irin tó máa fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, ìlà ọjọ́ Àìkú ló ń bá wa mójútó gèlè, àbúrò mi sì ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí aago mẹ́fà ààbọ̀ látìgbà tí ìyá wa ti wọ ẹgbẹ́ akọrin.