Asọ̀rọ̀mágbèsì Àtijọ́ àti Àpótí Orin Tuntun ní Cissin

Ẹni tí kò bá tí ì sá bátìrì sóòrùn rí, kó má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rédíò. Láyé tiwa, bí agbára bátìrì bá ti ń tán, tí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, a ó tú ìdí rédíò, a ó kó bátìrì olórí ẹkùn jáde, a ó tò ó sórí páànù tàbí orí ògiri alámọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata àti ilá tí àwọn ìyàwó ilé sá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó kó o padà sínú rẹ̀, rédíò á tún fọhùn fún ìwọ̀n ìròyìn kan àti orin bíi méjì. Àwọn kan a máa fi eyín tẹ̀ ẹ́, àwọn kan a máa fi òkúta lù ú nídìí. Owó bátìrì kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́, òwú, díńgí àti òòyà lórí àtẹ ní ọjà àárín ìlú Ouagadougou, tí à ń pè ní Ouaga.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí jáde ni àpótí orin kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta fóònù, gbé wọ agbolé wa ní Cissin, àdúgbò kan ní Ouaga, lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Kékeré ni, ọwọ́ kan gbé e, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é mọ ojú àgbà. Ara rẹ̀ dúdú bí ẹni pé awọ ni wọ́n fi bò ó, ojú rẹ̀ rí bíi ti àwọn rédíò onípákó tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, okùn ìfàmọ́wọ́ rẹ̀ ní aṣọ pupa múlọ́múlọ́ nínú, lórí rẹ̀ ni kókó aláwọ̀ wúrà wà tí èèyàn ń fọwọ́ yí. Wọ́n kọ Marshall síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ọkùnrin ará London kan tó ń jẹ́ Jim Marshall ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè ní 1962, ìrísí àwọn ẹ̀rọ ńlá ìgbà náà ni wọ́n sì gbé wọ àwọn àpótí kéékèèké ti òde òní. Bóyá ojúlówó ni ti wa, bóyá ayédèrú ni, mi ò bèèrè, nítorí ẹni tó gbé e wá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ bá mi wo bí a ṣe gbà á. Bàbá Ṣakí, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó fa àpótí náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kókó àkọ́kọ́, ó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Ohùn ló ń lọ sókè. Ó yí ìkejì, ìlù ló ń rinlẹ̀. Ó wojú mi: “Níbo wá ni Ìbàdàn wà níbẹ̀?” Ìyá Aláṣọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i po, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ìyàwó ilé wa kan, ọmọ Mossi, bèèrè iye tí wọ́n rà á, nígbà tó gbọ́, ó pàtẹ́wọ́, ó ní owó yẹn ì bá ra àpò àgbàdo sílé. Ọmọ-ọmọ mi, tó ń pè mí ní yaaba bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó tẹ fóònù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ohùn Yusuf Ọlátúnjí sì jáde, àti sákárà, àti gòjé, àti ègbè lẹ́yìn rẹ̀. Yusuf tí wọ́n ń pè ní Bàbá Lẹ́gbà, tó ti di ará ọ̀run láti 1978, ló ń kọrin ní agbolé wa ní ọ̀sán gangan!

Bàbá Ṣakí ní: “Ohun tí kò ní eríà, tí kò ní wáyà, tí kò gba bátìrì, ta ló ń bọ́ ọ?” A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ náà ṣàlàyé pé iná ni wọ́n ń fi sí i lóru, pé afẹ́fẹ́ lásán ni orin ń gbà láti inú fóònù dé inú àpótí. Ilé iṣẹ́ Ericsson ti Sweden ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìmọ̀ náà ní 1994, nígbà tí àwa ṣì ń fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì padà.

Kí n sọ òótọ́ kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ohùn àpótí yìí dára ju ti gbogbo rédíò tí a lò láyé wa. Àgbà tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbàgbé ló ń ṣe é. Rédíò wa a máa ta ṣíoṣíó bí òróró gbígbóná tí wọ́n da àlùbọ́sà sí, ilé iṣẹ́ kan á máa gun èkejì lẹ́yìn, ìròyìn Yorùbá á ṣì ń lọ, Lárúbáwá kan á ti bọ́ sí i, tí òjò bá sì ń ṣú, ká kúkú pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí rédíò ṣe dé agbolé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò ní gbàgbé ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí, tí wọ́n ti ń ná ọjà Kumasi àti Tamale láti ìgbà baba wọn, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, fi gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù. Èyí tó pọ̀ jù padà sílé. Àwọn díẹ̀ gba apá òkè, wọ́n gba Bolgatanga àti Paga kọjá, wọ́n wọ Upper Volta, orúkọ tí Burkina Faso ń jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn. Nínú gbogbo ohun tó kó jáde ní Tamale, rédíò rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé.

Zangouettin ní Ouaga ló kọ́kọ́ wọ̀, àdúgbò àwọn Hausa àti àlejò nítòsí ọjà, èyí tí wọ́n wó dànù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí nítorí àtúntò ìlú. Lẹ́yìn náà ló rí ilẹ̀ ní Cissin, ibẹ̀ ni mo sì bá a. Cissin ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí yìí. Ilé alámọ̀ pupa ló pọ̀, eruku ọyẹ́ á bo ojú ẹni títí irun ojú á fi funfun, àwọn ọmọdé á máa ti àgbá omi lórí ọmọlanke, òórùn soumbala, irú tiwọn, á máa jà pẹ̀lú òórùn irú tí Ìyá Aláṣọ gbé ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, èéfín ọtí bàbà tí àwọn obìnrin ń sè nínú ìkòkò ńláńlá á máa rú, igi dóńgóyárò á máa da ewé sórí àwo oúnjẹ wa. Iná mànàmáná kò tí ì dé agbolé wa. Àtùpà elépo la fi ń ríran, rédíò ẹ̀gbọ́n bàbá mi la sì fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé.

Rédíò náà ní aṣọ tirẹ̀, àpò awọ tó ní ihò wínníwínní níwájú, ó sì ní ìjókòó tirẹ̀, orí àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìdí kàn. Wáyà gígùn kan gba ojú fèrèsé jáde lọ sórí igi. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a ti kírun tán, tí a ti jẹ tô tàbí ọkà tán, a ó yí i ká: àwọn àgbà lórí àga, àwa ọ̀dọ́ lórí ẹní, àwọn obìnrin lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọn kò ti ní gbọ́ dáadáa, tí kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́. Bí ọmọ bá wúkọ́ nígbà ìròyìn, ó gba ìfọ́tí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ló ń fọwọ́ kan kókó rẹ̀. Bó bá wù ú láti gbọ́ àwọn ará Ìbàdàn lórí ṣọ́ọ̀tì wéèfù, Ìbàdàn la ó gbọ́. Bó bá ní Hausa ti BBC ni, Hausa náà ni, ìbáà jẹ́ pé kò yé wa. Rédíò ìjọba ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ló ń kọ́ wa ní Faransé àti Mooré, èdè àwọn Mossi, láìgba owó ilé ìwé.

Inú àpótí yẹn ni ayé ti ń bá wa. Oṣù kejì 1976 ni a gbọ́ pé wọ́n ti pa Murtala, olórí ìjọba Nàìjíríà, gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní àdúgbò sì ya bo agbolé wa. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 1983 ni Sankara gbàjọba, lọ́dún kejì, ní ọjọ́ kan náà, a jí di ará Burkina Faso. Nígbà òfin kónílé-ó-gbélé, abẹ́ ìrọ̀rí ni rédíò ń sọ̀rọ̀ sí wa. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 1987, tí wọ́n pa Sankara fúnra rẹ̀, ọkùnrin tó mọ gìtá ta, ojú ọ̀nà dá wáí, rédíò nìkan ló lẹ́nu.

Orin sì ń bọ̀ ní tirẹ̀. Àwọn àwo Haruna Ishola, pàápàá Oroki Social Club ti 1971, ti Ayinlá Ọmọwúrà, ti Ebenezer Obey, èrò ọ̀nà ló ń fi aṣọ wé wọn wá láti Èkó, àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Abidjan náà a sì máa fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ti ń dé Ouaga láti 1954. Àwọn aládùúgbò wa ní ti wọn, Amadou Balaké àti Volta Jazz, a sì jó o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé orin Yorùbá nìkan là ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ ni kásẹ́ẹ̀tì. Philips ló gbé e jáde ní 1963, ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa. Kó tó dé, ìyá ẹni tí kò mọ̀wé á lọ bá akọ̀wé nílé, á sọ tẹnu rẹ̀, akọ̀wé á kọ gírámà tirẹ̀, lẹ́tà á dé Cissin, kò ní sí ìyá nínú rẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ohùn ìyá gan-an ló ń dé. Á kọ́kọ́ kì ọ́, á kí ọ nílé, á kí ọ lọ́nà, á kí aya àti ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àkùkọ á kọ lẹ́yìn rẹ̀, odó á máa dún ní ilé kejì, ẹnìkan á sá wọlé, á ní “Ẹ jẹ́ kí n kí i,” wọn á sì jọ máa du ẹnu ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá dé orí ọ̀rọ̀: òrùlé ń jò, àbúrò rẹ fẹ́ gbéyàwó, owó tó o fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan kan, ọmọ lágbájá tó wà ní Abidjan ti kọ́lé. Àwa náà á gba ohùn tiwa sílẹ̀, a ó purọ́ pé ara le, pé ọjà ń tà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mi ò rí i kó sunkún rí, kì í lè jókòó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀, mo mọ àwọn kan tí kò rówó ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, tí wọ́n fi orin Sunny Adé pa ohùn ìyá wọn rẹ́.

Lónìí, ní six-mètres, ọ̀nà tóóró tó wà níwájú ilé wa, ọmọ kan á gbé àpótí tirẹ̀ kọjá, á máa lu orin coupé-décalé, èkejì á jókòó sídìí ògiri pẹ̀lú tirẹ̀, á máa gbọ́ Àṣàkẹ́, ilé ọtí tó wà ní ìkángun á tún máa lu tirẹ̀, kò wá sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mú kókó àtijọ́, ẹ mú awọ àtijọ́, ẹ fi ìjókòó sílẹ̀. Ẹ gbé àpótí síta, ẹ̀yin fúnra yín kò jókòó tì í, ojú yín wà nínú fóònù. Àmọ́ mi ò ní sọ pé ìwà rere ló kó àwa jọ nígbà náà. Rédíò kan ló wà, bátìrì sì wọ́n. Ká ní olúkúlùkù wa ní tirẹ̀ ni, bóyá àwa náà ì bá ti tú ká sí yàrá wa. Ọmọbìnrin ilé wa tó ń yan orin tó wù ú lórí àpótí yìí, kò sí ẹni tó lé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn dára, mo sì sọ ọ́ lójú Bàbá Ṣakí, bó tilẹ̀ fajú ro.

Lẹ́yìn tí àríyá ọjọ́ náà rọlẹ̀, Ìyá Aláṣọ wọlé, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi wá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe, ó gba ohùn inú rẹ̀ sórí fóònù, ó sì jẹ́ kí àpótí tuntun sọ ọ́ jáde. Àwọn kan ti lẹ̀ pọ̀, òmíràn já. Èyí tó fọhùn, ó fọhùn ketekete. Ọmọ náà, tí kò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe yẹ, àṣìṣe tiwa ni kì í ṣe tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìtumọ̀ oríkì tí wọ́n ń kì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Ouaga, ní Abidjan, ní Niamey, ní Cotonou, àti ẹ̀yin tí ẹ ti padà sílé, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo orí àjà. Ooru àti eruku kò dá kásẹ́ẹ̀tì sí. Ẹ má fi ipá yí i, ẹ má jù ú sẹ́nu ẹ̀rọ tí ẹ kò tí ì fi èyí tí kò ṣe pàtàkì dán wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ fóònù lò gbà á sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún náà sí i, nítorí ohùn wà nínú páálí Ìyá Aláṣọ tí kò sí ẹnikẹ́ni ní agbolé wa tó mọ olóhùn mọ́.